Kámẹ́rà àti Pẹ́ńsùlù Lọ́wọ́ Olùwádìí Àṣà

“Yà” kan náà là ń lò fún fọ́tò àti fún àwòrán tí a fi ọwọ́ yà. Ṣùgbọ́n fún olùwádìí tó lọ gbé láàrin àwọn èèyàn kó lè kọ́ àṣà wọn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ wo Margaret Mead àti ọkọ rẹ̀, Gregory Bateson, olùwádìí àṣà làwọn méjèèjì, ní erékùṣù Bali ní Indonesia láàrin 1936 sí 1939. Bí ìyá kan bá ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, Mead á máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, á sì máa kọ aago sí i. Bateson á máa ya fọ́tò. I Made Kaler, akọ̀wé wọn tó jẹ́ ọmọ Bali, náà á máa ṣe àkọsílẹ̀ ní èdè ibẹ̀. Aago yẹn ló so ọ̀rọ̀ mọ́ àwòrán. Fọ́tò ọmọ tó ń sunkún nígbà tí ìyá rẹ̀ kọjú síbòmíràn kò lè sọ fúnni pé ìyá ló kọ́kọ́ ru ú sókè. 2,000 fọ́tò ni wọ́n rò pé àwọn máa yà. Nígbà tí wọ́n parí, ó ti tó 25,000. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1942, 759 péré ló wọ̀ ọ́.

Kámẹ́rà kì í ṣa nǹkan: ó mú ìyá, ó mú adìyẹ tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ní tirẹ̀, ohun tó bá yé ayàwòrán nìkan ló lè fà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ ya bí agboolé ṣe tò, tàbí bí òwú ṣe gba ara wọn kọjá lórí òfì. Onílé á jókòó tì í, á nawọ́ sí ìwé: “Rárá o, kànga ni ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjú sí.” Àtúnṣe yẹn níye lórí ju àwòrán náà lọ.

Àṣẹ ló ṣòro jù. Nígbà mìíràn, Bateson máa ń lo awò tó jẹ́ kó dà bíi pé ibòmíràn ló ń yà. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun awo wà tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí, kámẹ́rà sì lójú.

Fọ́tò tún gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Pierre Verger, ayafọ́tò ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di Fátúnmbí nígbà tó tẹfá ní Kétu ní 1953, gbé fọ́tò àwọn olórìṣà Bàhíà ní Brazil wá sọ́dọ̀ àwọn olórìṣà ìhín, ó sì gbé tìhín padà lọ. Bí fọ́tò bá dé ọwọ́ àgbà, á dárúkọ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, á ní orin báyìí ló ń bá ijó yẹn lọ. Ohun tó bá sọ, ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà fọ́tò náà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́.