Láísẹ́ǹsì copyleft àti láísẹ́ǹsì onígbọ̀jẹ̀gẹ́

Copyleft àti onígbọ̀jẹ̀gẹ́ ni oríṣi láísẹ́ǹsì méjì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò kóòdù, tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba sábà máa ń yàn láàárín wọn. Méjèèjì gbà kí ẹnikẹ́ni lo kóòdù, kí ó tún un ṣe, kí ó sì tà á. Ìgbà tí ẹni tó tún un ṣe bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn ni ọ̀nà wọn yà. Lábẹ́ copyleft, irú bíi GPL tí Richard Stallman gbé jáde ní 1989, dandan ni kí kóòdù tí wọ́n tún ṣe bá sọ́fítíwíà náà lọ, lábẹ́ láísẹ́ǹsì kan náà. Àwọn onígbọ̀jẹ̀gẹ́, irú bíi MIT àti BSD tó ti yunifásítì Amẹ́ríkà wá, kò béèrè ju kí orúkọ ẹni tó ni kóòdù àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì má ṣe parẹ́. Ẹni tó tún kóòdù GPL ṣe fún ìlò ara rẹ̀ nìkan kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi èyí gbọ́.

WRT54G, ráótà (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì) aláwọ̀ búlúù àti dúdú tó ní antẹ́nà méjì lẹ́yìn, ni àpẹẹrẹ tó yé ni jù. Linksys ló ṣe é. Ní 2003, ọdún tí ilé iṣẹ́ Cisco ra Linksys, àwọn kan yẹ sọ́fítíwíà inú rẹ̀ wò, wọ́n bá Linux, sọ́fítíwíà ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ, níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò rí kóòdù gbà. Láti 1992 ni Linux ti wà lábẹ́ GPL, nítorí náà wọ́n béèrè títí kóòdù fi jáde. Lára kóòdù yẹn ni OpenWrt, sọ́fítíwíà ráótà, ti hù ní 2004, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi ráótà dòní. Ti ẹ̀rọ géèmù PlayStation 4 yàtọ̀: FreeBSD, sọ́fítíwíà ìpìlẹ̀ mìíràn tó wà lábẹ́ BSD, ni Sony kọ́ ọ lé lórí, láísẹ́ǹsì BSD kò sì mú un ní dandan láti fi àtúnṣe rẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun tàn kálẹ̀, títí dé inú ọjà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, MIT ló máa ń mú. Bí ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì (ẹ̀tọ́ lórí ohun tí èèyàn hùmọ̀) bá ń kọ ọ́ lóminú, Apache 2.0 ti 2004, tí òun náà jẹ́ onígbọ̀jẹ̀gẹ́, sọ ọ́ kedere. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n ti iṣẹ́ òun mọ́lé yóò yan GPL. Ihò kan wà lára GPL ṣá: ẹni tó gbé kóòdù sórí sáfà, tí àwọn èèyàn ń lò ó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni. AGPL ti 2007, ẹ̀yà GPL kan, ni wọ́n fi dí i.

Yíyí láísẹ́ǹsì padà, pàápàá copyleft, kò rọrùn bí yíyàn án. Gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí kóòdù náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta GPL jáde ní 2007, kóòdù ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti wà nínú Linux, Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ̀dà kẹta náà. Lábẹ́ ẹ̀dà kejì GPL ni Linux ṣì wà.