Ẹ Dárúkọ Ohùn Orin Yín Kí Ẹ Tó Lọ Tẹ Ìwé Ètò Ìsìn

Bí Lẹ́ńtì bá ti parí, tí Àjíǹde kọjá, ìgbéyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ àwa atẹdùùrù á sì di ìlọ́po. Àwọn ọmọ á fi nọ́ńbà orin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: èyí fún ìwọlé, èyí ṣáájú ìwàásù, èyí nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ sí ìwé. Ó tán. Wọ́n ti tẹ ìwé ètò ìsìn, àwòrán ọkọ àti ìyàwó ń dán gbinrin lójú ìwé. Kò sí ẹni tó bi mí pé ohùn wo la ó fi kọ orin náà.

N kò ní jókòó ṣàlàyé orin tó yẹ ìgbéyàwó àti èyí tí kò yẹ ẹ́. Inú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti dàgbà. Ohùn orin, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tune, ni mo fẹ́ sọ, torí òun lẹ kì í kà sí.

Ẹ ṣí Ìwé Orin Mímọ́. Ẹ ó rí àwọn lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kéékèèké lókè orin kọ̀ọ̀kan: C.M., L.M., 8.7.8.7. Iye sílébù tó wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà fún yín. C.M. ni 8, 6, 8, 6. Ohùnkóhun tí wọ́n bá ṣe sí ìwọ̀n yẹn ló lè gba ọ̀rọ̀ orin náà, wọ́n sì pọ̀ lọ jàra. Ọ̀rọ̀ nìkan ni nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́ ń tọ́ka sí. Orin kò tíì sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ẹ fẹ́ràn jù, «Ìfẹ́ ọ̀run, aláìlẹ́gbẹ́». Charles Wesley ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1747. Ohùn tí John Stainer ṣe fún un kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Blaenwern, tí W. P. Rowlands ará Wales ṣe, ìlà mẹ́jọ ni. Hyfrydol, ohùn mìíràn tí wọ́n ń fi kọ ọ́, ìlà mẹ́jọ lòun náà. Bí mo bá tẹ ti Stainer fún ìjọ tó ti ń retí Blaenwern, ìlà kìíní kò ní tíì parí tí wọ́n á ti máa wojú ara wọn. Àwọn ìyá á máa kọ tiwọn lápá kan, akọrin á máa kọ tiwọn lápá kejì, ìyàwó á sì dúró láàárín.

Ó tún ku ibì kan tí àwọn ènìyàn kì í ronú kàn rárá. Mẹ́ta-mẹ́ta ni Blaenwern àti Hyfrydol ń lọ: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọ ènìyàn ní. Bí ẹ bá ní kí akọrin àti ìyàwó fi ohùn mẹ́ta-mẹ́ta tò wọlé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò bọ́ sórí ìlù lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ìtò á sì máa mì bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kan ti jò. Ohùn wọ̀nyí dùn gan-an fún ìjọ tó bá dìde dúró. Fún ìrìn, ẹ wá ohùn mẹ́rin-mẹ́rin. Mo ti ń sọ ọ́ títí, n ó sì tún máa sọ ọ́.

Àwọn kan a máa wá bá mi pé wòlíì ní ẹ̀mí òkùnkùn wà nínú orin ìwọlé ìyàwó tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, «Here Comes the Bride». Wòlíì kọ́ ló yẹ kó kọ́ wa ní orin. Richard Wagner, ará Jámánì, ló ṣe é sínú Lohengrin, eré olórin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Weimar ní 1850. Nínú eré náà, ìgbéyàwó ti parí kí wọ́n tó kọ ọ́. Yàrá ni wọ́n fi ń sin ọkọ àti ìyàwó lọ. Lóru ọjọ́ náà gan-an ni ìyàwó bèèrè ohun tí ọkọ ní kò gbọdọ̀ bèèrè, wọ́n pa ènìyàn sínú yàrá, ọkọ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ, ìyàwó ṣubú, ó kú. Ìdí tí n kì í fi í tẹ̀ ẹ́ fún ìwọlé nìyẹn. Èṣù kò bá a tan.

Ilẹ̀ tiwa kò sì ṣófo. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina, l'Ékòó, láti 1914 di 1962. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní 1943, Ṣówándé gba oyè Fellow ti Royal College of Organists, ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù, ní London, ó sì fi ohùn Yorùbá ṣe orin dùùrù, irú bí Ọbáńgíjì. Orin yẹn kò rọrùn láti tẹ̀, ó gba ọwọ́, ó gba ẹsẹ̀. Ẹ bi atẹdùùrù yín bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tí ẹ gbé iṣẹ́ fún.

Àwọn òbí náà a máa ní kí n yọ ẹsẹ kan kúrò nítorí wọ́n rí ikú níbẹ̀. Ikú wà nínú ẹ̀jẹ́ tí ọmọ yín fẹ́ jẹ́ níwájú fíkà, ẹ kò sì ní kí fíkà yọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ orin tán.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣojú mi. Ìdílé kan ní àwọn á mú olùlu kíbọ́ọ̀dù tiwọn wá, pé orin ìgbàlódé ló mọ̀ jù. Ọmọkùnrin náà kì í ka nóòtì. Bọ́tìnì kan wà lára kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní transpose, òun ló ń gbé ohùn sókè sódò fún ẹni tí kò lè tẹ orin ní ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sókè fún ọmọbìnrin kan tó kọrin kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kò sì dá a padà. Nígbà tí orin ìwọlé dún, àwọn obìnrin akọrin kọ́kọ́ gbìyànjú. Ní ìlà kẹta, wọ́n ń ké. Àwọn ọkùnrin dákẹ́. Ní ẹsẹ kejì, kíbọ́ọ̀dù nìkan ló kù. Ó bá sáré tẹ bọ́tìnì náà láàárín ìlà, ohùn já wálẹ̀ gbì, ìyàwó sì dúró láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ lápá bàbá rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀.

«Ẹ̀yin ará ilé ọkọ, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn!» Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó ló sọ ọ́, ìjókòó mẹ́ta sì gbọ́. Ìyá ọkọ náà fèsì. Nígbà tí a fi dé gbọ̀ngàn, àwọn àǹtí ti ń ké sí wòlíì lórí fóònù pé ayé ti ta ìgbéyàwó náà ní ọfà. Wọ́n gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Tọkọtaya ọ̀hún fi oṣù àkọ́kọ́ wọn lọ́kọláya làjà láàárín àwọn ìyá méjì. Mo lọ bá wọn, mo sọ ọ́ ní gbangba: kì í ṣe ayé, bọ́tìnì ni. Àwọn kan ò tíì gbà mí gbọ́ dòní.

Ní ìjọ tiwa báyìí, ẹni tó bá fẹ́ mú olùlu wá láti ìta, kó mú un wá bá mi ní ìgbáradì akọrin ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Màá ṣí ìwé orin síwájú rẹ̀, màá ní kó tẹ ohùn tí ẹ dárúkọ láìfọwọ́ kan bọ́tìnì. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, èmi ni n ó tẹ̀ ẹ́ ní Sátidé.