Ìka ni mo kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe eyín

Tẹ́ ẹ bá gbọ́mọ wá bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí pé eyín ẹ̀ ń yọ síta, ọwọ́ ẹ̀ ni màá kọ́kọ́ ní kó nà sí mi. Ìyá kan láti Takie bínú lọ́jọ́ yẹn, ó ní "Dókítà, eyín la bá wá o, ilé bàbá ẹ̀ ló ti jogún ẹ̀." Ọmọ ọdún 7 ni, àtàǹpàkò ọ̀tún ẹ̀ mọ́ tónítóní ju mẹ́sàn-án yòókù lọ, awọ ẹ̀ sì ti le bíi ti àgbẹ̀. Bàbá ọmọ ò jẹ̀bi.

Kéèyàn rí ọmọ ọwọ́ tó ń mu ìka, kò burú rárá, inú oyún ni wọ́n ti ń mu ún bọ̀, ọ̀pọ̀ á sì fi sílẹ̀ fúnra wọn láàárín ọdún 2 sí 4. Ìgbà téyín àgbà bá fẹ́ máa yọ, bíi ọmọ ọdún 6, ni wàhálà dé, torí ìka yẹn á máa ti eyín òkè síta, á máa ti tìsàlẹ̀ wọlé, títí wọn ò fi ní pàdé níwájú mọ́, tọ́mọ bá fẹ́ gé búrẹ́dì á máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu fà á ya. Ẹ má pe ìyẹn ní èjí o! Ahọ́n náà á lọ sùn sísàlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wá máa fún eyín òkè títí àjà ẹnu á fi tóóró. Wákàtí ló ń ṣe é, ẹni tó mu ún mọ́jú yàtọ̀ sẹ́ni tó fi sẹ́nu fìrí. Rọ́bà tẹ́ ẹ fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi ata pa á lọ́wọ́, ojú ló máa bọ́ sí lóru. Ewúro ńkọ́? Mo ti rí ọmọ tó lá a mọ́ tó ń bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá nà án, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lá ti lọ máa mu ún. Ẹ wo ìgbà tó ń mu ún, ṣé oorun ni àbí tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ fún un ní nǹkan mú dání, kó wọ sọ́ọ̀kì sọ́wọ́ sùn tóun náà bá gbà, kẹ́ ẹ yìn ín láàárọ̀ tí ò bá mu ún. Tó bá tètè jáwọ́, àlàfo iwájú sábà máa ń dí fúnra ẹ̀, àjà tó ti tóóró ló sábà máa ń nílò wáyà tí dókítà eyín ń fi sẹ́nu.

Ọmọ Takie yẹn padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó ti na ọwọ́ méjèèjì. Ìdọ̀tí ti wà lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò.