Ohun tí díìsìkì rìkọ́fárì ń ṣe fún láptọ́ọ̀pù

Inú àpò láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ ni wọ́n sábà máa ń wà: DVD mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ike pẹlẹbẹ, tí ẹnì kan fi máàkà kọ 1, 2, 3 sí lójú, tó sì gbàgbé wọn síbẹ̀. Ọjọ́ tí Windows bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, tàbí tí fáírọ́ọ̀sì bá ti jẹ ẹ́ dé egungun, ni wọ́n máa ń rántí wọn. Díìsìkì rìkọ́fárì ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ yẹn ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, torí ó dà bíi pé wọ́n máa gba ohun tó sọnù padà fúnni. Wọ́n á gbá gbogbo ohun tó wà lórí háàdì díìsìkì dànù ni, wọ́n á wá da ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà kúrò nílé iṣẹ́ sí i. Fọ́tò, orin, lẹ́tà, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta: wọn ò mọ ìkankan nínú wọn rí.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù kì í fi Windows sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n máa ń tò títí tó fi gún: Windows, àwọn dráífà tó fi ń bá káàmẹ́rà, spíkà àti Wi-Fi sọ̀rọ̀, àti àwọn ètò tí wọ́n fẹ́ kí oníbàárà bá níbẹ̀. Wọ́n á ya ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, wọ́n á fún un pọ̀ kó lè kéré, òun ni wọ́n á sì máa dà sínú gbogbo ẹ̀rọ tó jẹ́ irú kan náà. Wọ́n á tún tọ́jú ọ̀kan sí ìpín ìkọ̀kọ̀ lórí háàdì díìsìkì. Tẹ́lẹ̀, díìsìkì máa ń bá ẹ̀rọ wá nínú páálí. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gbé iṣẹ́ náà lé oníbàárà lọ́wọ́ kí owó má baà pọ̀: ẹ̀rọ á kàn máa rán an létí pé kó lọ wá DVD òfìfo, kó sì dà á kọ fúnra rẹ̀. DVD kan tó ní ìpele kan ṣoṣo ń gba gígábáìtì 4.7, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà Windows 7 pẹ̀lú ẹrù orí rẹ̀ fi máa ń tó díìsìkì mẹ́ta sí márùn-ún. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kì í jẹ́ kéèyàn kọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọn kì í sì í gba DVD tí wọ́n lè pa rẹ́ kí wọ́n tún un kọ.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni díìsìkì wà fún nígbà tí ẹ̀dà ti wà ní ìpín ìkọ̀kọ̀. Lóòótọ́, títẹ bọ́tìnnì kan tàbí méjì ti tó láti jí ẹ̀dà yẹn: F11 lórí HP, F9 lórí Asus, Alt àti F10 lórí Acer, òdo tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tan Toshiba, àti bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tan ọ̀pọ̀ Lenovo. Àmọ́ ibi kan náà ni ẹ̀dà yẹn àti ohun tó yẹ kó gbà là jọ ń gbé. Bí háàdì díìsìkì bá kú, àwọn méjèèjì jọ kú ni. Ó dà bí ẹni tó tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kejì sínú yàrá tó tì.

Bí wọ́n bá ki díìsìkì 1 bọ ẹ̀rọ, Windows tó ti bàjẹ́ yẹn kọ́ ló máa ṣí i. BIOS ni, ìyẹn ètò kékeré inú ẹ̀rọ tó máa ń kọ́kọ́ jí, tó ń wo ibi tí yóò ti gbéra. Tí wọn ò bá sọ fún un, háàdì díìsìkì ló sábà máa ń gbà lọ. Torí náà wọ́n á tẹ F12 lórí Dell, tàbí Esc kí wọ́n tó tẹ F9 lórí HP, kí ó lè gbé orúkọ àwọn ibi tó lè ti gbéra jáde, kí wọ́n sì mú DVD níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà funfun kan lè yọ lójú dúdú, pé kéèyàn tẹ bọ́tìnnì èyíkéyìí kó lè gbéra láti orí CD tàbí DVD. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló fi ń dúró. Ẹni tó bá ń wo fóònù nígbà yẹn máa gbé ojú sókè, á rí i pé Windows àtijọ́ ló tún ń ṣí bọ̀.

Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì náà, Windows kékeré kan á ti orí díìsìkì wọ inú RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí fúngbà díẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́. Èyí ṣe pàtàkì, torí ẹni tó jókòó sórí ẹ̀ka kò lè gé e: Windows tó wà lórí háàdì díìsìkì kò lè pa ibi tó dúró lé rẹ́. Èyí tó wà nínú RAM kò ní ìṣòro yẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni pé ó ń wo irú ẹ̀rọ tó bá ara rẹ̀ nínú. Orúkọ àti nọ́ńbà irú láptọ́ọ̀pù náà wà nínú BIOS, bí kò bá sì bá èyí tí wọ́n ṣe díìsìkì náà fún mu, yóò kọ̀. Ìdí nìyí tí díìsìkì tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíì kì í fi í ṣiṣẹ́, àyàfi tí ẹ̀rọ méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù ẹ̀rọ, ìyẹn pátákó inú rẹ̀ tí BIOS wà lórí rẹ̀, tí ẹni tó tún un ṣe kò kọ orúkọ ẹ̀rọ sínú tuntun; díìsìkì ẹ̀rọ náà gan-an á wá sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Bákan náà, bí wọ́n bá fi háàdì díìsìkì tó kéré sí ti àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ díìsìkì rìkọ́fárì ò ní gbà, torí bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ọjọ́sí ni wọ́n fẹ́ pín in.

Tó bá ti gbà, ó tó àkókò tí kò ti sí ìpadàsẹ́yìn mọ́. Gbogbo ìpín orí háàdì díìsìkì á di píparẹ́, wọ́n á sì tún un pín. Ìpín D, níbi tí àwọn kan ń kó fáìlì sí nítorí ìbẹ̀rù ọjọ́ bí èyí, lè bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í tú: díìsìkì 1 á parí, ẹ̀rọ á ti i jáde, á béèrè 2. Bí ó bá dé ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún tó dúró, tí ojú DVD, ìyẹn ibi tí wọ́n ń ki díìsìkì bọ̀, ń kérora lọ tó ń kérora bọ̀, ojú díìsìkì ti họ ni, tàbí oòrùn ti pa á. Àwọ̀ kan tí iná léṣà ń jó ni wọ́n ń kọ DVD sí, ooru àti ìmọ́lẹ̀ sì ń jẹ àwọ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ. Windows àtijọ́ ti lọ ná, tuntun ò tíì dé. Ìṣọ́ra kan ṣoṣo tó wúlò níbi tọ́ràn dé yìí ni èyí tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n da gbogbo fáìlì orí díìsìkì kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí wọ́n wò ó bóyá ó lè kà á dópin. Kí ṣájà náà má kúrò lára ẹ̀rọ títí iṣẹ́ á fi parí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, ẹ̀rọ á kú, á tún tàn, lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díìsìkì gbọ́dọ̀ ti jáde nígbà yẹn, kó má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbẹ̀yìn, ìbéèrè èdè, orílẹ̀-èdè àti orúkọ á yọ, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Kò ní béèrè nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, ìyẹn èyí tó ń fi hàn pé wọ́n sanwó Windows náà. Lórí Windows Vista àti Windows 7, ilé iṣẹ́ ti fi àmì kan sínú BIOS, ẹ̀dà tiwọn sì mọ àmì náà, torí náà ó ń jẹ́rìí ara rẹ̀ láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Láti Windows 8 ní ọdún 2012, nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gan-an ni wọ́n ń kọ sínú BIOS.

Ohun tó padà wá ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́sí, títí kan ètò agbógun-ti-fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ ti ọgbọ̀n ọjọ́ péré, tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Àwọn àlébù tí Microsoft tó ni Windows ti dí lẹ́yìn náà á tún ṣí sílẹ̀. Windows 7 kò tún rí àtúnṣe gbà lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́ láti January 14, 2020, nítorí náà ẹ̀rọ tó padà sí i kò yẹ ní fífi sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ báńkì.

Bí ẹ̀rọ bá ń gbóná jù, tí RAM rẹ̀ ti yẹ̀, díìsìkì ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ tà á náà ní láti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ibi tí fáìlì àtijọ́ wà ni ẹ̀dà tuntun ń bò mọ́lẹ̀. Lórí háàdì díìsìkì tó ń yí, ètò tó ń hú fáìlì jáde ṣì lè rí fọ́tò ọdún méjì sẹ́yìn, àyàfi tí wọ́n bá kọ òdo lé gbogbo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó ki díìsìkì 1 bọ̀ ọ́.

Windows 10, tó jáde ní 2015, ló mú kí díìsìkì wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun ìgbàgbé. Ó lè fi àwọn fáìlì tirẹ̀ tó wà nílẹ̀ tún ara rẹ̀ tò láìwo ẹ̀dà ilé iṣẹ́ kankan, láti ọdún 2020 ó sì lè wa Windows odindi wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun kò tilẹ̀ ní ojú DVD mọ́. Ẹni tó bá ṣì ní díìsìkì rẹ̀ nínú ike lè lo ojú DVD tó ń wọ USB; BIOS máa ń rí i bíi ti inú ẹ̀rọ.