Bí Gáàsì Ṣe Mọ Hóró Inú Òkúta Ojú Ọ̀run

Lóru ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1969, iná ńlá kan kọjá lójú ọ̀run ìpínlẹ̀ Chihuahua ní Mẹ́síkò. Ó bú gbàmù, òkúta sì ń já bọ́ sórí ilẹ̀ ní agbègbè Allende. Èyí tí wọ́n ṣà jọ lé ní tọ́ọ̀nù 2. Ẹni tó bá gé ọ̀kan nínú wọn sí méjì yóò rí hóró róbótó-róbótó tó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Kọ́ńdúrúlù ni wọ́n ń pè wọ́n, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí hóró. Henry Clifton Sorby, ará Ṣẹ́fíìdì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wo irú wọn nínú àwọn òkúta mìíràn tó já ṣáájú, ó sì fi wọ́n wé ẹ̀kán òjò iná ní 1877. Òótọ́ ló sọ: òkúta yíyọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ó ti lé ní bílíọ̀nù 4.5 ọdún tí òjò náà ti rọ̀. Oòrùn ṣì jẹ́ ọmọdé, gáàsì àti eruku ló yí i ká. Ohun kan mú ìṣù eruku gbóná kọjá 1,500 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, wọ́n yọ́, wọ́n ká róbótó, wọ́n sì dì láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. Ohun tó dá iná náà ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí: ìgbì nínú gáàsì ni, mànàmáná ni, tàbí ayé kéékèèké tó forí sọra wọn?

Ní tèmi, iná náà kọ́ ló wúni lórí jù. Sódíọ́mù ni, ẹ̀yà kan náà tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa. Bí a bá yọ́ òkúta níbi tí kò sí gáàsì rárá, kíá ni sódíọ́mù rẹ̀ á fẹ́ lọ. Síbẹ̀, ó wà nínú kọ́ńdúrúlù. Ní 2008, wọ́n yẹ òkúta Semarkona wò, èyí tó já ní Íńdíà ní 1940, wọ́n sì bá sódíọ́mù ní àárín gbùngbùn ọ̀lífíìnì, kírísítálì tó kọ́kọ́ dì nígbà tí hóró náà ṣì gbóná janjan. A jẹ́ pé kò lọ rárá.

Ẹ wo ìkòkò omi lórí iná. Bí a bá ṣí i sílẹ̀, ooru omi rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí a bá dé e pa, ooru omi náà á kan ìdérí, á sì kán padà sínú omi. Kò sí ìdérí lójú òfúrufú. Àwọn hóró náà ló pọ̀ wìtìwìtì lójú kan, tí gáàsì tó ń jáde lára wọn fi kún ibẹ̀, tí èyí tó ń jáde fi bá èyí tó ń wọlé dọ́gba.

Gáàsì náà tún fún wọn ní nǹkan. Nínú ọ̀pọ̀ kọ́ńdúrúlù, ọ̀lífíìnì wà ní àárín, pírọ́síìnì, kírísítálì mìíràn, sì wà létí, bẹ́ẹ̀ pírọ́síìnì nílò sílíkà (àpòpọ̀ sílíkónì àti ọ́síjìn) ju ọ̀lífíìnì lọ. Níbo ló ti rí i? Ní 2002, àwọn olùwádìí ní Nancy, ní ilẹ̀ Faransé, gbé òkúta yíyọ́ sínú gáàsì tó ní sílíkónì. Sílíkónì wọlé láti ìta, pírọ́síìnì sì hù sí etí rẹ̀ bíi ti inú kọ́ńdúrúlù.

Ọ́síjìn náà ṣe pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín gáàsì àti òkúta yíyọ́. Nínú hóró mìíràn, kóró ọ̀lífíìnì kan wà tí iná kò rí yọ́. Irú ọ́síjìn tirẹ̀ kò bá ti gbogbo ohun tó yí i ká mu, nítorí gáàsì kò ráyè wọ inú rẹ̀.