Owó oṣù wo? Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà sódì nípa iṣẹ́ agbágọ́ọ̀fù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé tí ọmọ kan bá ti di pro nínú gọ́ọ̀fù, ìyà ti tán nìyẹn. Lójú wọn, ẹnì kan á máa san owó fún un lóṣooṣù, á máa wọ bàálù káàkiri ayé, owó ẹ̀bùn á wá dà bí èènì lórí owó oṣù. Kò ṣòro láti mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀ jù: ẹgbẹ́ á bá agbábọ́ọ̀lù tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n á sì máa sanwó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbáà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gọ́ọ̀fù ò rí bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò tó dá dúró ni agbágọ́ọ̀fù. Òun ló ń rajà, òun ló ń sanwó ọkọ̀, tí ọjà ò bá sì tà, òun náà ló ń ru àdánù.

Ọ̀rọ̀ pro yìí gan-an ló ń da nǹkan rú. Nínú òfin gọ́ọ̀fù, owó ló ya pro sọ́tọ̀ kúrò lára amateur: amateur ò gbọdọ̀ gba owó ẹ̀bùn tó kọjá ìwọ̀nba tí òfin fi lélẹ̀, pro lè gba iyekíye. Ẹni tó bá ti wọ ìdíje gẹ́gẹ́ bíi pro, ó di pro nìyẹn. Kò sí ìdánwò kankan tó fẹ́ ṣe, kò sì sí ẹni tó máa wò ó bóyá ó mọ̀ ọ́n gbá. Ẹni tó ń lu bọ́ọ̀lù nígbà 80 kó tó parí ihò 18, nínú eré tí ẹni tí lílù rẹ̀ kéré jù ti ń borí, lè sọ ara rẹ̀ di pro lọ́la, ebi ló kàn máa pa á.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Nick Dunlap, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Alabama, gba ife ìdíje The American Express lórí PGA Tour, ọ̀wọ́ ìdíje àwọn pro tó ga jù ní Amẹ́ríkà, nígbà tó ṣì jẹ́ amateur. Mílíọ̀nù 8.4 dọ́là ni àpapọ̀ owó ẹ̀bùn ìdíje náà, ìpín ẹni àkọ́kọ́ sì jẹ́ 1,512,000 dọ́là. Dunlap ò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Christiaan Bezuidenhout ará South Africa, tó ṣe ìkejì, ni owó ẹni àkọ́kọ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Dunlap kéde pé òun ti di pro. Ohun tó jẹ́ kí ìyẹn bọ́gbọ́n mu ni pé ife tó gbà fún un láyè lórí tour títí tí ọdún yẹn fi parí àti fún ọdún méjì sí i. Orúkọ pro ò náni ní nǹkan kan. Àyè yẹn gan-an lọjà.

Irú pro kejì tún wà, tí wọ́n máa ń pò mọ́ ti àkọ́kọ́: ẹni tó ń kọ́ni ní pápá. Òun ní owó oṣù lóòótọ́, torí ó kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mélòó kan lórí bí a ṣe ń kọ́ni àti bí a ṣe ń bójú tó ilé ìtajà àti pápá. PGA Championship, ọ̀kan nínú ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù nínú gọ́ọ̀fù, máa ń ya àyè 20 sọ́tọ̀ fún irú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Michael Block lọ́dún 2023 ní Oak Hill: lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ ihò 15 tààrà pẹ̀lú lílù ẹyọ kan, ó bá àwọn mìíràn pín ipò 15, ó sì gba 288,333 dọ́là. Ohun ńlá ni, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan péré ni.

Káàdì, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti gbá fún sáà kan, ló ń ṣílẹ̀kùn tour, ọ̀nà tó sì lọ síbẹ̀ ti tóóró sí i. Ẹni tó bá gba Q-School ti PGA Tour, ìyẹn ìdíje àṣewọlé, á kọ́kọ́ la ìpele bíi mélòó kan kọjá, ihò 72 ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó ìwọlé ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan sì ti jáde lápò rẹ̀ kó tó lu bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Láti ọdún 2025, ẹni márùn-ún péré ló ń gba káàdì ní ìpele àṣekágbá. Bí ẹni méjì bá jọ dúró ní ipò karùn-ún, ihò àfikún ló máa yà wọ́n. Ọ̀nà tó gùn jù ni Korn Ferry Tour, tour tó wà nísàlẹ̀ PGA Tour, níbi tí ẹni 20 ti ń gba káàdì lópin sáà. 30 ni tẹ́lẹ̀. Ní ti DP World Tour, tó ń jẹ́ European Tour títí di ọdún 2021, ìpele àṣekágbá tiwọn ní Spain jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, ihò 108. Ẹni mẹ́wàá tí kò tíì ní káàdì Amẹ́ríkà tó bá sì mókè jù lórí tour yẹn lọ́dún kan lè ti ibẹ̀ bọ́ sí PGA Tour.

Káàdì yìí ò wà títí. Ẹni 100 àkọ́kọ́ nínú póìǹtì FedEx Cup, èyí tí wọ́n ń kó jọ nínú ìdíje PGA Tour láàárín sáà, ló ń pa tirẹ̀ mọ́ báyìí, 125 ni tẹ́lẹ̀. Kódà bí káàdì bá wà lápò, ìlà ni wọ́n ń tò. Àwọn tó gba ife ló wà níwájú, àwọn tó ti Q-School wá wà lẹ́yìn. Iye ẹni tó ń wọ ìdíje kan ti wálẹ̀ láti 156 sí 144, ó sì ń tó 120 láwọn ibòmíràn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ìlà lè dúró sí hòtẹ́ẹ̀lì títí di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó máa retí bóyá ẹnì kan á ṣàìsàn.

Ìgbà tí ọ̀nà gbogbo bá dí, ìdíje àṣewọlé Ọjọ́ Ajé ló kù: ihò 18, ọjọ́ kan, àyè mẹ́rin tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2019, Corey Conners ará Kánádà wọ ihò àfikún pẹ̀lú àwọn márùn-ún mìíràn fún àyè ẹyọ kan tó kù sí Valero Texas Open. Òun ló gbà á. Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ yẹn, ó gba ife náà, 1,350,000 dọ́là, àti ìwé ìpè sí Masters, òmíràn nínú ìdíje ńlá mẹ́rin náà, ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ìtàn yìí làwọn ènìyàn máa ń rántí. Àwọn márùn-ún tó kù nínú ihò àfikún yẹn, wọ́n da igi wọn padà sínú àpò.

Ká wá sórí owó, torí ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ òdì yìí ti lágbára jù. Ìdíje tó wọ́pọ̀ jẹ́ ihò 72 ní ọjọ́ mẹ́rin, Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ihò 36 ni ààlà tí gbogbo ayé gọ́ọ̀fù ń pè ní cut. Lórí PGA Tour, ẹni 65 àkọ́kọ́ àti àwọn tó bá dọ́gba pẹ̀lú wọn ló ń kọjá. Ní Masters, 50 ni. Ní US Open, 60. Ní The Open, 70. Ẹni tí cut bá já sílẹ̀ nínú ìdíje lásán, òfo ni.

Ẹ fojú inú wo ihò tó kẹ́yìn lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Bọ́ọ̀lù ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí ihò. Láti ibẹ̀, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ gan-an ń tàsé bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Tó bá wọlé, ó kéré tán owó díẹ̀ dájú. Tó bá gba etí ihò kọjá, bàálù, hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àti owó ọ̀sẹ̀ caddie (ẹni tó ń ru àpò igi rẹ̀), tó lè jẹ́ 2,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti wọgbó. Caddie gbọ́dọ̀ gbowó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bí ọ̀gá rẹ̀ ò tilẹ̀ rí nǹkan kan.

Bí owó ṣe ń pín fúnra rẹ̀ tún le. Lórí PGA Tour, ẹni àkọ́kọ́ ń gba ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹnì kejì 10.9, ẹnì kẹta 6.9, ẹni 65 ò sì ju bíi 0.2 lọ. Nínú mílíọ̀nù 8.4 yẹn, ìkejì jẹ́ 915,600 dọ́là, ìkẹta 579,600, ẹni 65 bíi 18,000. Bí ẹni méjì bá jọ ṣe ìkejì, wọn á ro owó ìkejì pọ̀ mọ́ ti ìkẹta, wọn á sì pín in dọ́gba: 747,600 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ dá ìkejì ṣe, tó wá tàsé bọ́ọ̀lù kékeré kan lórí ihò 72, ti sọ 168,000 dọ́là nù. Lórí Korn Ferry Tour, níbi tí owó ẹ̀bùn ti máa ń jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là, ẹni àkọ́kọ́ ń gba 180,000, ẹni 65 bíi 4,000.

Owó tí ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn ò tíì dé ilé o. Bó ṣe wọ́pọ̀, caddie ń gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ife, 7 lórí ipò kejì sí kẹwàá, 5 lórí ìyókù. Orílẹ̀-èdè tí ìdíje ti wáyé á yọ owó orí tirẹ̀. Olùkọ́, ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti aṣojú náà ń dúró de tiwọn.

Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ lè sọ pé owó ìdánilójú ti wà báyìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ka a dáadáa. Láti sáà 2022-23, PGA Tour ń fi 500,000 dọ́là dá ẹni tí káàdì rẹ̀ pé lójú, bó bá gbá ìdíje 15. Ẹni tó bá pa 300,000, wọ́n á fi 200,000 kún un. Ẹni tó bá pa 500,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò fi kọ́bọ̀ kún tirẹ̀. Àwọn tí káàdì wọn ò pé ń gba 5,000 dọ́là ìrànwọ́ nígbà tí cut bá já wọn sílẹ̀. LIV Golf, tour mìíràn tó ń bá PGA Tour díje, náà bẹ̀rẹ̀ ní 2022 pẹ̀lú àdéhùn olówó ńlá fún àwọn kan, láìsí cut. Nínú gbogbo pro tó wà láyé, ìwọ̀nba ni èyíkéyìí nínú wọ̀nyí kàn.

Onígbọ̀wọ́ ńkọ́? Àdéhùn wọn máa ń tẹ̀ lé ipò: bí ipò bá wálẹ̀, owó náà á wálẹ̀. Ipò àgbáyé sì ní ìṣirò tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá fara pa. Ọdún méjì ni wọ́n ń wò sẹ́yìn. Póìǹtì á dúró pé fún ọ̀sẹ̀ 13, lẹ́yìn náà á máa dín kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 91. Àpapọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń fi iye ìdíje pín, wọn kì í sì í fi iye tó kéré sí 40 pín in. Ẹni tó gbá ìdíje 25 péré torí ẹ̀yìn dídùn, 40 náà ni wọ́n máa fi pín tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fi ìrora gbá, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìsinmi á wá di oṣù mẹ́jọ.

Àṣìṣe mìíràn tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pípààrọ̀ igi àti bọ́ọ̀lù torí owó onígbọ̀wọ́. Igi 14 lòfin gbà, agbágọ́ọ̀fù sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé bọ́ọ̀lù dé gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ṣe mọ ìwọ̀n tó ń fojú wò. Bí bọ́ọ̀lù tuntun bá ń yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á máa ga jù, atẹ́gùn á máa dá a dúró, á sì máa já sínú iyanrìn dípò àárín koríko. Gígùn ẹsẹ̀ bàtà 15 péré ti tó láti sọ ẹni tó ń la cut já di ẹni tó ń fi lílù kan jábọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fowó ti ọmọ kan lẹ́yìn, kó béèrè orúkọ tour náà, ibi tí ọmọ náà wà lórí ìlà, àti iye ìdíje tó dájú pé ó máa wọ̀ lọ́dún yẹn. Kó wá ṣírò bàálù, hòtẹ́ẹ̀lì àti caddie fún gbogbo wọn bí ẹni pé owó ẹ̀bùn ò ní wọlé rárá. Iye tó bá jáde ni kó tó wà ní báńkì kí ọmọ náà tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù Q-School.