Chanoyu: ìgbàlejò oní-tíì, kì í ṣe ayẹyẹ tíì

Ó máa ń bí mi nínú bí mo bá rí i tí ẹni tó ń kọ̀wé lédè wa pe chanoyu, àṣà àwọn ará Jàpáánì tí onílé fi ń po tíì fún àlejò rẹ̀, ní “ayẹyẹ tíì”, nítorí ohun tí ayẹyẹ ń gbé wá sọ́kàn Yorùbá ni ìlù, aṣọ ẹbí àti èrò rẹpẹtẹ, bẹ́ẹ̀ ni àlejò inú yàrá chanoyu kì í sábà ju márùn-ún lọ. Àwọn mìíràn ní “ìsìn tíì” ló yẹ, torí pé àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ti ẹ̀ka Zen lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń sìn níbẹ̀? Àlejò ni onílé ń tọ́jú. Nítorí náà ni mo ṣe dúró lórí “ìgbàlejò oní-tíì”.

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi obì gba àlejò kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. A kì í gbé obì kalẹ̀ nítorí ebi. Bí a ṣe gbé e kalẹ̀, ẹni tó pa á, àti bí awẹ́ rẹ̀ ṣe kárí ló ń fi àlejò lọ́kàn balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni chanoyu rí: lójú àlejò ni onílé yóò ti nu ohun èlò rẹ̀, tí yóò bu matcha, ìyẹ̀fun ewé tíì, sínú abọ́, tí yóò da omi gbígbóná sí i, tí yóò sì fi ọparun tí a là wẹ́wẹ́ lẹ́nu rò ó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ tíì tó ki, abọ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò fi mu ún, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sen no Rikyū, ọ̀gá chanoyu tó kú ní 1591, ló gbé ọ̀ṣọ́ ọlọ́lá kúrò níbẹ̀, tó fẹ́ràn yàrá kótópó tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré débi pé jagunjagun pàápàá gbọ́dọ̀ fi idà sílẹ̀ níta kí ó tó rá wọlé.

Àwọn alátakò mi ní “ìgbàlejò” kéré jù fún ohun tí ènìyàn ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. N kò gbà. Bí a ṣe ń gba àlejò gan-an ni wọ́n ń kọ́ fún ọdún wọ̀nyẹn: òdòdó tó bá àkókò mu, ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ tí a óò gbé kọ́ sára ògiri fún àlejò òní, abọ́ jíjìn tí kì í jẹ́ kí tíì tètè tutù nígbà òtútù, àti abọ́ pẹrẹsẹ nígbà ooru.